Ọmọ ń bọ̀, ilé ò tíì parí: báwo la ṣe máa ṣètò owó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báńkì ti gbà láti yá èmi àti ìyàwó mi lówó ilé kíkọ́, iṣẹ́ sì máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́ta. Àwa méjèèjì ń gbowó oṣù, a ṣì ń san owó ilé tá à ń gbé. Báwo la ṣe máa ṣètò owó ọmọ àti ti olùtọ́jú rẹ̀, tí iṣẹ́ ilé ò fi ní dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Iye tí ọmọ máa ná yín kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò, oṣù tí ìnáwó kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí ni. Ẹ kọ oṣù 24 sínú ìwé lẹ́sẹẹsẹ, kẹ́ ẹ kọ ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa jáde síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yáwó ilé kíkọ́ kì í sábà jáde lódindi. Tí ìpìlẹ̀ bá parí, báńkì á san díẹ̀. Tí ògiri bá dúró, wọ́n á tún san. Tí òrùlé bá gorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Orí ohun tó ti jáde ni wọ́n sábà máa ń ka èlé lé, torí náà ìbẹ̀rẹ̀ á fúyẹ́, á wá máa wúwo bí ilé ṣe ń ga.

Ká pe owó oṣù ẹ̀yin méjèèjì ní 100, kí ti ìyàwó yín jẹ́ 45. Owó ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé gba 20, oúnjẹ, ọkọ̀ àti bùkátà yòókù gba 40. Tí ìsinmi ìbímọ bá sọ 45 yẹn di 20, 75 ló ń wọlé. Ẹ yọ 60, ẹ yọ èlé 12, ó ku 3. Nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, 100 ti pé, àmọ́ èlé ti di 18, olùtọ́jú ọmọ ń gba 20: ó ku 2. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀, torí wọ́n rò pé ìgbà ìsinmi nìkan ló máa le.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi 75 gbọ́ bùkátà láti oṣù yìí, kẹ́ ẹ gbé 25 sí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, á di 150. Tí iṣẹ́ bá fi oṣù mẹ́ta falẹ̀, owó ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé fún oṣù mẹ́ta yẹn, ìyẹn 60, á ti ibẹ̀ jáde. Ìyókù, ti ọmọ ni. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó àìròtẹ́lẹ̀ ti ilé kíkọ́, èyí tó yẹ kó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ náà. Táìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ló sábà máa ń jẹ owó ọmọ: ìparí iṣẹ́ la máa ń yàn wọ́n, nígbà tí àpò ti gbẹ tí ojú sì ti wọ èyí tó wọ́n.

Ẹ bi báńkì báyìí bóyá wọ́n máa tún owó tó ń wọlé fún yín yẹ̀ wò kí wọ́n tó san ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró dìgbà tí owó oṣù bá já.

Ní ti ẹrù ọmọ, ẹ má kó ìlédìí tó kéré jù jọ. Ọmọ tuntun lè lo bíi mẹ́wàá lóòjọ́, àmọ́ kì í pẹ́ ju ìwọ̀n yẹn lọ. Ẹ lè gba aṣọ àlòkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga ọmọ inú mọ́tò tẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe lò ó, torí ó lè ti wà nínú jàǹbá.

Ọmọ ọwọ́ ń fẹ́ olùtọ́jú púpọ̀ ju ọmọ tó ti ń rìn lọ, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń ga. Ẹ lọ béèrè àyè ní jẹ́lé-ó-sinmi kẹ́ ẹ tó bímọ: ṣé wọ́n ń gba owó kí wọ́n tó fi àyè sílẹ̀ de ọmọ? Ṣé wọ́n ń gbowó ọjọ́ tí ọmọ ò bá wá torí àìsàn? Èló ni wọ́n ń gbà tẹ́ ẹ bá pẹ́ wá gbé e?

Tí nǹkan kan bá gbọ́dọ̀ dúró nínú ilé, yàrá ọmọ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ó kéré tán, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, yàrá yín ló yẹ kó máa sùn, lórí ibùsùn tirẹ̀. Iná, omi àti ilẹ̀kùn ò ṣeé sún síwájú.