Ṣé èrè wà nínú lílọ sí Harvard tàbí Yale ju yunifásítì ìjọba lọ?
Ó kù sí ohun tí ò ń wá. Tó bá jẹ́ owó oṣù ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Àwọn olùwádìí méjì, Stacy Dale àti Alan Krueger, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tí máàkì wọn jọra, tí wọ́n sì kọ̀wé sí irú ilé ẹ̀kọ́ kan náà, wé ara wọn. Yálà wọ́n lọ síbi tó lórúkọ tàbí wọn ò lọ, owó tó ń wọlé fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọmọ tó já fáfá ti já fáfá kó tó wọ ọgbà. Àmọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àtàwọn tí òbí wọn ò kàwé púpọ̀ jèrè ní tiwọn. Kò yà mí lẹ́nu: ẹni tí bàbá rẹ̀ ò mọ ẹnì kankan ló nílò ibi tí yóò ti mọ èèyàn.

Tó bá jẹ́ ipò ńlá lò ń lé, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Raj Chetty, David Deming àti John Friedman, wo àwọn tí yunifásítì 12 tó lórúkọ bíi Harvard àti Yale ní kí wọ́n ṣì dúró ná, tí àwọn kan padà wọlé, tí àwọn kan ò sì wọlé. Ní ìpíndọ́gba, owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní àwọn tó wọlé láti di ara ìdá 1 nínú 100 tó lówó jù fi nǹkan bí ìdajì lé sí i, àǹfààní àtirí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ olókìkí sì di ìlọ́po mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà lo fẹ́ ṣe? Lọ síbi tí gbèsè rẹ̀ kéré.