Òjòlá Tí Ebi Fojú Rẹ̀ Rí Màbo: Ṣé Oúnjẹ Ló Kàn?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, àdúgbò Tankẹ ní Ìlọrin ni mo sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà nínú ilé kan náà kó lọ sí Àbújá, wọ́n fi òjòlá tí wọ́n ń sìn sílẹ̀ sínú yàrá, wọ́n ní àwọn yóò padà wá gbé e. A kò rí wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá náà ni a bá ejò yìí nínú àpótí onígíláàsì, láìsí ẹ̀kán omi kan, láàárín ọyẹ́. Ó gùn tó mítà kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lé òṣùwọ̀n, gíráàmù 520 péré ni. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, awọ rẹ̀ hunjọ, awọ àtijọ́ tí kò bọ́ tán lẹ̀ mọ́ ọn lára, àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní sì ń rìn lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá onílé ní kí a pa á, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fún mi ní àyè díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti wá ra eku ńlá méjì lọ́jà, ó ní kí n tètè fún un kí ó tó kú. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́, Tankẹ, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀wọ́, kí eku méjèèjì má wọ inú àpótí náà. Àánú ló ń ṣe ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ejò tí ebi ti pa títí tí eegun rẹ̀ fi yọ kì í sábà kú nítorí pé oúnjẹ tún pẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ó máa ń tètè pa irú rẹ̀ ni àìsí omi, òtútù, àti oúnjẹ ńlá tí a sáré fún un nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì lè gbà á. Ooru ni kí ó kọ́kọ́ rí, kí omi tẹ̀ lé e, kí oúnjẹ gbẹ̀yìn, kí ó sì kéré.

Bí ẹ ti ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, mo gbà pé òjòlá kékeré ni, èyí tí í ká ara rẹ̀ jọ rógódó tí ó sì ń fi orí pamọ́ sí àárín nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Python regius. Bí ó bá dàgbà, gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 90 sí 150, kò sì ní oró. Èyí tí ó gùn tó mítà kan tí ara rẹ̀ sì le yẹ kí ó súnmọ́ kìlógíráàmù kan, nítorí náà tiyín ti pàdánù ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ara rẹ̀. Fún ẹlòmíràn tí ó lè bá ejò pàdé nínú yàrá tí a pa tì, ẹ má tètè sọ pé òjòlá ni: paramọ́lẹ̀ náà nípọn, ó sì ní bátànì lára, ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan èyí yóò kábàámọ̀.

Ìdí tí oúnjẹ fi lè pa á nìyí. Nígbà tí òjòlá kò bá jẹun fún ìgbà pípẹ́, ìfun rẹ̀ máa ń súnkì, àwọn ẹ̀yà inú yòókù náà á sì dẹ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó bá tún gbé oúnjẹ mì, gbogbo wọn ni yóò tún wú padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ òjòlá ilẹ̀ Burma wò rí i pé ọkàn rẹ̀ pàápàá lè tóbi sí i ní ìdá 40 nínú 100 láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn oúnjẹ. Ara ejò fúnra rẹ̀ ni ó ń náwó iṣẹ́ yìí kí oúnjẹ tó dà, ejò tí ó ti rù kan egungun kò sì ní ohun tí yóò ná. Yàtọ̀ sí èyí, bí oúnjẹ púpọ̀ bá dé lójijì sínú ara tí ebi ti fọ́, èròjà potásíọ́ọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ tí ó kù nínú ẹ̀jẹ̀ yóò wọ inú ẹran ara lọ, wọn yóò wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò sì dáṣẹ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí gbogbo ilé ti ń dúpẹ́ pé ó jẹun. Ìdí kan náà nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn kì í fi í kì oúnjẹ sí ọmọ tí àìjẹunkánú ti bá jà lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un.

Ní ti ooru, ẹ rántí pé ejò kò ní ooru tirẹ̀, ibi tí ó bá wà ni ó ti ń gbà á. Apá kan àpótí náà yẹ kí ó wà láàárín dígírì 31 sí 33 ní ìwọ̀n Celsius, apá kejì láàárín 25 sí 27, kí ó lè yan èyí tí ó bá wù ú, kí ibi ìfarapamọ́ sì wà ní apá méjèèjì. Páálí tí a gé ẹnu rẹ̀ tó. Ẹ ra ohun tí a fi ń wọn ooru, ẹ má fi ọwọ́ díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi gílóòbù mú àpótí gbóná, kò gbọdọ̀ wà níbi tí ara ejò ti lè kàn án, nítorí òjòlá lè dùbúlẹ̀ sórí ohun tí ń jó o láìkúrò. Òru ọyẹ́ ní Ìlọrin tutù fún un púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọkàn tán NEPA: bí iná bá lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má gbé ẹ̀yinná sínú yàrá, ẹ má sì gbé àpótí gíláàsì sínú oòrùn, nítorí oòrùn ọ̀sán yóò sè é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti móoru ni kí ẹ fi omi kàn án. Ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, tí kò ju dígírì 30 lọ, sínú bàsíà, kí ó má ga ju ìdajì nínípọn ara rẹ̀, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́; ẹ má fi í sílẹ̀ lọ, torí ejò tí kò lágbára lè rì sínú omi tí kò tó nǹkan. Kí abọ́ omi mímu wà nínú àpótí nígbà gbogbo. Ẹ má po iyọ̀ àti ṣúgà sí i. Omi yìí náà ni yóò rọ awọ àtijọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ bó o, pàápàá èyí tí ó bo ojú.

Omi yóò pa díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà, ẹ fi bébà funfun tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí kí ẹ lè máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò gbà yín nímọ̀ràn láti fi ọtapiapia lé wọn lọ. Oògùn yẹn lè pa ejò náà kí ó tó pa kòkòrò tán, ẹ̀yin tí ẹ sùn nínú yàrá kò sì ní bọ́ nínú rẹ̀. Ìdí kan náà ni mo fi kọ eku ọjà àti eku ilé: a kò mọ èyí tí ó ti jẹ májèlé lára wọn.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, bí awọ rẹ̀ bá ti ń padà bọ̀ sípò tí ó sì ń yọ ahọ́n déédéé, ẹ wá eku funfun tí wọ́n ń sìn fún ìwádìí. Ọ̀kan ṣoṣo, tí kò ju gíráàmù 20 lọ, tí a ti pa, nítorí eku alààyè lè bu ejò tí kò lágbára jẹ. Ẹ mú un gbóná díẹ̀, ẹ gbé e sí iwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárọ̀, ẹ dúró fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ẹ tó tún gbìyànjú, ẹ má fi ipá ki oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bí ó bá jẹ ẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án fún wákàtí 48, kí ẹ sì fún un ní ìwọ̀n kan náà lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá. Bí ó bá bì í, omi nìkan ni kí ó rí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyin sísè, búrẹ́dì àti wàrà kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Gbogbo èyí kò dí lílọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́wọ́. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹranko tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní Tankẹ kò jìnnà sí i. Dókítà lè fa omi sí i lábẹ́ awọ, yóò sì mọ oògùn kòkòrò tí kò ní pa á. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tí ìfófòó ń yọ ní imú rẹ̀, tí nǹkan bí wàrà dídì wà ní ìdí eyín rẹ̀, tàbí tí ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi ra òjòlá kékeré lọ́wọ́ ọdẹ kan, ó sì ti rù báyìí. Ṣé kò ní sàn kí a tú u sílẹ̀ sínú igbó?

Ìyá kan, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN

Kì í ṣe nígbà tí ó rù, Ìyá. Ejò tí kò lágbára kò lè ṣọdẹ, bí ó bá sì kó kòkòrò tàbí àrùn lára, yóò fi ran àwọn tí ó wà nínú igbó. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ bí mo ti wí lókè, kí ọmọ náà máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ kàn án, torí kòkòrò àrùn Salmonella wọ́pọ̀ lára ejò, kí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì jìnnà sí i. Gbogbo ẹ̀yà òjòlá ni ó wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, nítorí náà ẹ má tún ra òmíràn lọ́wọ́ ọdẹ. Bí ẹ kò bá lè sìn ín, ẹ tẹ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin láago láti béèrè bóyá wọ́n lè gbà á, kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Bí wọ́n bá gbà, àpò ìrọ̀rí tí ẹ so lẹ́nu, nínú páálí tí ẹ dá ihò sí, ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ òwúrọ̀, kí oòrùn ọ̀sán má bàa ká a mọ́ inú bọ́ọ̀tù.