Ṣé sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán ò bà náà lè fara gbá?

Ìbéèrè: Màmá wa fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú onítànṣán ní UCH fún jẹjẹrẹ ọyàn. Àbúrò mi kà á pé sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán ò bà, tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bà, lè bàjẹ́ pẹ̀lú. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ká gbé ọmọ ọwọ́ jìnnà sí wọn? (Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kan ọmọ ọwọ́.

Ní 1992, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Nagasawa àti Little, fi irú ìtànṣán kan tí wọ́n ń pè ní alpha, tó kéré jọjọ, lu sẹ́ẹ̀lì hamster (ẹran kékeré kan tó jọ eku) nínú àwo. Sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán gba kókó rẹ̀ (àárín rẹ̀, níbi tí àbùdá wà) kọjá ò tó 1 nínú 100, síbẹ̀ nǹkan bí 30 nínú 100 ni kúrómósómù wọn, ìyẹn okùn tó gbé àbùdá, yí padà. Ọ̀nà méjì ni ìpalára náà ń gbà rìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara kanra ní ihò tín-ín-rín láàrin ara wọn, tí kẹ́míkà kéékèèké ń gbà kọjá. Èyí tó fara gbá sì tún ń tú nǹkan sínú omi tó yí i ká. Àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Mothersill àti Seymour, fi ìyẹn hàn ní 1997: wọ́n fa omi tí sẹ́ẹ̀lì onítànṣán ti gbé, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n dà á sórí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lè pọ̀ sí i mọ́. Omi lásán tí wọ́n tan ìtànṣán sí, tí kò sí sẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ló ń fọhùn, kì í ṣe omi.

Inú ara ẹnì kan ṣoṣo lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í fò sára ẹlòmíràn. Bí ẹ̀rọ bá ti kú, ìtànṣán kankan ò ṣẹ́kù lára màmá. Kí wọ́n gbé ọmọ wọn. (Ẹni tó gbé iodine-131, oògùn tó ń tú ìtànṣán láti inú ara, mì ló yàtọ̀: ọjọ́ 8 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì, ó sì gbọ́dọ̀ yẹra fún ọmọdé.)

Ẹ má dá ìtọ́jú dúró nítorí ohun tí àbúrò yín kà. Ìwọ̀n tí dókítà ń lò, bíi 50 Gray (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tí ara gbà) tí wọ́n pín sí ìgbà 25 tàbí 40 Gray sí ìgbà 15, ara àwọn aláìsàn tí wọ́n ti tọ́jú ni wọ́n ti rí i. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì aládùúgbò ń ṣe ti wà nínú àbájáde yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fò ló ń fún jẹjẹrẹ láyè láti tún pọ̀.

Awọ ara ni kí ẹ ṣọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n fi wẹ̀, kí wọ́n má fi kànìnkànìn ha ibẹ̀, kí wọ́n má fi Robb pa á, kí wọ́n má sì fọ àmì tí wọ́n fà sí wọn láyà nù. Bí ibẹ̀ bá bó tàbí tó ń ṣomi, kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó tún sùn sábẹ́ ẹ̀rọ.