Oògùn ojú tó ń yọ́ cataract: èmi náà ti kán an sí ìyá mi lójú rí

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní biochemistry lò ń kà, o wà ní ọdún kẹta, màmá rẹ ń ṣàròyé pé kùrukùru bo ojú àwọn, ẹyinjú ọ̀tún sì ti ń funfun láàárín. Ẹnìkan wá fẹ́ ta oògùn kíkán fún yín, ó ní oṣù mẹ́fà péré ló fi ń yọ́ cataract, ìyẹn lẹ́ńsì ojú tó ti ṣú, dànù láìsí iṣẹ́ abẹ. Ìwọ náà ti ka ìròyìn lanosterol, èròjà kan tí wọ́n ní ó ń yọ́ cataract, o wá ń béèrè bóyá òótọ́ wà níbẹ̀.

Rárá ni ìdáhùn mi. Ṣùgbọ́n mi ò kàn ní sọ "rárá" kí n máa lọ, torí pé èmi tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí fi ọdún méjì gbáko kán irú ẹ̀ sí ìyá tó bí mi lójú. Bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì ojú, ohun tó mọ́ gaara nínú ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, gan-an ni mo fi gba másítà.

Jẹ́ kí n mú un láti odò ẹran. Ní 2011, Ìbàdàn ni mo wà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń dé odò ẹran Bódìjà pẹ̀lú kúlà kékeré lọ́wọ́, kí orí màlúù tó kúrò nílẹ̀. Àwọn alápatà sọ mí ní Dókítà Ojú Màlúù. Àwọn kan ò gbà láéláé pé ìwé ni mo ń fi ojú màlúù kà. Wọ́n ní ó ní nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe, wọ́n sì fowó lé e nítorí ẹ̀. Tó o bá fi abẹ la ẹyinjú lẹ́yìn, ohun kan tó dà bíi funfun ẹyin tútù á kọ́kọ́ yọ, òun ló máa gbé lẹ́ńsì jáde. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, ó sì mọ́ gaara. Gbé e lé ìwé ìròyìn, wàá rí i kà láti inú ẹ̀, àní lẹ́tà á tóbi sí i.

Lọ́jọ́ kan wọ́n fún mi ní ojú ọmọ màlúù. Mo tò ó sínú yìnyín. Nígbà tí mo fi máa dé láàbù, àárín gbogbo lẹ́ńsì náà ti funfun báláú. Mo ní mo gbé, mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti da mẹ́rin nù kí ọ̀gá mi tó wọlé. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ kí n sì fara balẹ̀. Kò pẹ́ tí funfun yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ láti etí wá sí àárín, títí mo fi tún rí ìlà ọwọ́ mi kedere lábẹ́ ẹ̀.

Cataract òtútù nìyẹn. Gamma-crystallin, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì inú lẹ́ńsì, ló ń kóra jọ lọ́tọ̀ nígbà tí òtútù bá mú un, tó sì ń tú ká padà tí ara ẹ̀ bá ti móoru. Bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò ní àárọ̀ ọyẹ́ ni: gbé e sún mọ́ iná, ó ti yọ́. Tó bá jẹ́ irú èyí ló wà lójú màmá rẹ, èmi fúnra mi ni mo máa ní kí ẹ ra oògùn náà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lójú wọn kì í ṣe epo tó dì, ẹyin tí wọ́n ti sè ni. Kò sí iná tàbí omi tó o lè fi ẹyin sísè sí tó máa fi padà di tútù.

Ìdí ẹ̀ ni pé lẹ́ńsì kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú rárá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ẹ̀ ti sọ núkílíọ́sì wọn nù kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, nítorí náà wọn ò lè ṣe purotéènì tuntun mọ́. Bí màmá rẹ bá jẹ́ ẹni 65 ọdún, purotéènì àárín lẹ́ńsì wọn ti pé 65 ọdún pẹ̀lú, àní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú oyún ló ti wà. Bó o bá wọn lẹ́ńsì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ẹ̀ ló jẹ́ purotéènì, ó fún pọ̀ mọ́ra wọn pinpin. Nínú wọn, alpha-crystallin ni alágbàtọ́. Joseph Horwitz ló fi hàn ní 1992 pé ó máa ń di àwọn tó bá ti fẹ́ ṣubú mú kí wọ́n má baà ṣùpọ̀. Ó ń dì wọ́n mú o, kì í tún wọn ṣe. Bó bá di nǹkan bí ẹni 40 ọdún, alágbàtọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì ṣófo nínú àárín lẹ́ńsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgbà yẹn náà sì ni àgbà ń bẹ̀rẹ̀ sí í na fóònù jìnnà kó tó lè kà á. Látibẹ̀ lọ, glutathione tó ń dáàbò bò wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín mọ́, súfúrù purotéènì kan á so mọ́ ti èkejì, ìtànṣán oòrùn á sì máa dá kún un. Àwọn èròjà tó yẹ kó máa gba ìtànṣán yẹn, àwọn kynurenine, á lẹ̀ mọ́ purotéènì fúnra wọn, lẹ́ńsì á sì pọ́n bí oyin.

Ṣúgà ni iṣẹ́ tèmi dá lé. Ruth van Heyningen ti rí sorbitol nínú lẹ́ńsì eku oní-ìtọ̀ ṣúgà ní Oxford láti 1959, Jin Kinoshita sì ṣàlàyé ẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ẹ́ńsáìmù aldose reductase ń sọ ṣúgà di sorbitol, sorbitol ò rọ́nà jáde, omi á wọlé tọ̀ ọ́, sẹ́ẹ̀lì á wú. Oògùn tó ń dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa lára eku. Lára ènìyàn, ó já wa kulẹ̀, torí ẹ́ńsáìmù náà kò pọ̀ nínú lẹ́ńsì wa bíi ti eku. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Kò kọ́ mi. Nígbà tí ikọ̀ Kang Zhang gbé lanosterol jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 2015, mo fò sókè. Wọ́n rí ìdílé méjì tí wọ́n bí àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú cataract torí pé ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe lanosterol ò ṣiṣẹ́ lára wọn, wọ́n sì fi oògùn náà tọ́jú ajá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sọ ni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ojú ajá náà, kì í ṣe kíkán nìkan. Ọdún kan náà ni àwọn dókítà kan ní Íńdíà rẹ lẹ́ńsì 40 tí wọ́n yọ lójú ènìyàn sínú lanosterol fún ọjọ́ mẹ́fà. Bó ṣe wọlé ló ṣe jáde. Ní 2019, àwọn míì tún gbìyànjú ẹ̀ nínú láàbù, kò rí nǹkan kan ṣe.

Kò sí lanosterol lọ́jà nígbà yẹn, N-acetylcarnosine, oògùn kíkán míì tí wọ́n ní ó ń yọ́ cataract, ni mo rí rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ, wo ara páálí ẹ̀. Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, yẹ àwọn ìwádìí tó wà lórí ẹ̀ wò ní 2017, wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú kankan pé ó ń dá cataract padà.

Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Oníbàárà á ní òun fẹ́ aláwọ̀ aró, dúdú ni wọ́n á nà sí i, wọ́n á sì bá a jà pé òun gan-an ni kò ríran. Lẹ́ńsì tó ti pọ́n ló ń gbé àwọ̀ aró mì, mo mọ̀ ọ́n níwèé, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù, oògùn ń ṣiṣẹ́ lọ. Àbí ta ni kò ní gbà, nígbà tó jẹ́ ọmọ wọn tó ka ojú níwèé ló ní kí wọ́n dúró? Ní ìparí ọdún kejì wọ́n fẹsẹ̀ kọ ìkòkò nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn kán. Dókítà ojú tó yẹ̀ wọ́n wò ní lẹ́ńsì náà ti le, ti pọ́n kọjá ààlà, pé à bá ti wá tipẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi lẹ́ńsì oníke sí i. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n tú ojú, ẹrù àdìrẹ ni wọ́n ní kí a gbé wá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣà á lọ́tọ̀ lọ́tọ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ: lọ ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ màmá lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè bóyá wọ́n ti ń kán oògùn ojú tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù láti kẹ́mísì, torí ìyẹn fúnra ẹ̀ ń fa cataract. Kí dókítà wọn ìfúnpá inú ojú wọn, glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, kì í funfun, lọ́pọ̀ ìgbà kì í sì í dunni, bẹ́ẹ̀ ojú tó bá bà jẹ́ kì í padà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì sẹ́yìn sún mọ́ wọn. Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, ojú tí wọ́n ti tọ́jú nítorí cataract, ó lé ní 4 nínú 10 tó jẹ́ pé ọwọ́ irú wọn ló bọ́ sí.

Ti pé àwọn kan ní cataract ń padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kì í padà, lẹ́ńsì ti lọ. Àpò rẹ̀ ni wọ́n fi èyí tuntun sí, sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù sára àpò náà lè rìn lọ sẹ́yìn ẹ̀ kó mú un ṣú. Ó ṣe ìyá mi ní 2019. Wọ́n fi ìtànṣán lésà tí wọ́n ń pè ní YAG lu ihò síbẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bá a ṣe ń jáde, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn náà la sanwó fún? Èmi rò pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni."