Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Tramadol àti Codeine Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn wa. Ọkọ mi ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé-ìwòsàn sì fún wọn ní paracetamol àti tramadol mílígíráàmù 50 bọ̀ wálé. Tramadol náà kò ká ìrora wọn. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní Mushin wá bá wa fi codeine kún un, ó dì í pọ̀ mọ́ hóró méjì mìíràn sínú ọ̀rá, ó ní bí ìyẹn kò bá tó, òun yóò gún wọn ní abẹ́rẹ́ pentazocine. Wákàtí mélòó ló yẹ kó wà láàárín tramadol àti codeine náà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka wákàtí kankan, ẹ má fún ọkọ yín ní codeine náà rárá. Hóró méjì yòókù ńkọ́? Ẹ kò sọ ohun tí wọ́n jẹ́, bóyá nítorí pé wọn kò sọ fún ẹ̀yin náà. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì lórí káńtà mi: funfun méjì, pupa kan, káńpúsù aláwọ̀ méjì kan, gbogbo wọn ti kúrò nínú páálí, ẹni tó gbé wọn wá yóò sì máa fi àwọ̀ júwe wọn fún mi. Àwọ̀ kọ́ ni orúkọ oògùn. Ó ṣeé ṣe kí diazepam, oògùn tó ń múni sùn, wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá pàdé tramadol nínú ara, ó lè dín mímí èèyàn kù títí yóò fi dúró.

Èrò tó wà nídìí ìbéèrè yín, tí mo ń gbọ́ láti Ìdúmọ̀tà títí dé Agége, ni pé bí orúkọ oògùn bá ti yàtọ̀, iṣẹ́ wọn náà yàtọ̀, wọn yóò sì ran ara wọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tramadol, codeine, pentazocine àti morphine, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, ìdílé tí à ń pè ní opioid, ibì kan náà nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń pa ìrora. Bí ẹ bá pa méjì pọ̀, ìrora lè dín díẹ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òòyì, èébì, oorun àsùnpara àti ìdínkù èémí náà yóò máa pọ̀ sí i. Wọn a tún máa sé ìgbẹ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ojú ìpá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa tiraka ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ tún wà níbẹ̀. Codeine kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀; ẹ̀dọ̀ ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di morphine. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń sọ tramadol di èyí tó lágbára, èròjà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní CYP2D6 ló sì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Èròjà yìí kò lágbára lára àwọn kan láti inú ìyá wọn wá. Bí ọkọ yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí tramadol kò sì ṣiṣẹ́ nítorí èyí, codeine náà kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn yára jù, tí ìwọ̀n tí kò pa ẹlòmíràn lára lè fi wọ́n sínú ewu. Oníkẹ́míìsì kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ọkọ yín jẹ́, èmi náà kò lè mọ̀ ọ́n.

Ti abẹ́rẹ́ pentazocine ló burú jù. Ó dà bí èrò tó jókòó sí àga kan ṣoṣo tó kù nínú dáńfó, tí kò sì jẹ́ kí ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ rí àyè jókòó: ó lè lé morphine tàbí tramadol kúrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ìrora sì pọ̀ sí i lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí ẹ sanwó fún.

Ẹ lè sọ pé ilé-ìwòsàn náà máa ń lo ju opioid kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ mọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń ka mímí aláìsàn, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti naloxone, oògùn tó ń já agbára opioid, sì wà nítòsí.

Èyí tó ń ran tramadol lọ́wọ́ ni oògùn ìdílé mìíràn, ó sì ti wà lọ́wọ́ yín. Ṣé ọkọ yín ń lo paracetamol náà déédéé, àbí ìgbà tí ara bá ro wọ́n gan-an nìkan? Àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lè lo mílígíráàmù 1,000 ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ṣe ju 4,000 lọ láàárín wákàtí 24, bí dókítà kò bá sọ ohun mìíràn. Àwọn hóró codeine kan sì wà tí paracetamol ti wà nínú wọn, tí ẹni tó ń lò wọ́n yóò fi lò ó ní ìlọ́po méjì láìmọ̀. Bóyá ibuprofen lè wọ̀ ọ́, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kó sọ, nítorí ó lè dá ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée (asthma) lágara. Ẹ má sì ṣe fi kún tramadol fúnra yín: àpọ̀jù rẹ̀ ń fa gìrì, hóró oní-mílígíráàmù 225 tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ kì í sì í ṣe èyí tí NAFDAC fọwọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí ìrora ti máa rọlẹ̀. Bí ó bá ń le sí i, tí ojú abẹ pọ́n, tó gbóná, tó wú tàbí tó ń sun ọyún, tàbí tí ibà mú wọn, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà náà lónìí, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. N kò lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ibí.

Bí ọkọ yín bá ti lo nǹkan inú ọ̀rá náà, tí oorun wọn wá wúwo débi pé ẹ kò lè jí wọn, tí mímí wọn ń falẹ̀ tàbí tí ètè wọn ń dúdú, ẹ dà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, ẹ pe 112 tàbí 767, ẹ má fi omi tàbí epo pupa sí wọn lẹ́nu.