Ṣé kí olùtọ́jú ilé ìkàwé ìṣègùn dúró títí àwọn dókítà yóò fi pè é?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìkàwé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó wù mí kí èmi àti àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì jọ máa ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń to ìwé ni wọ́n kà mí sí. Ṣé kí n dúró kí wọ́n pè mí ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró. Ohun tí mo ti ṣàkíyèsí láàárín àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àjọṣe náà dára, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wá pé a kò mọ ìṣègùn tó ẹni tí í bá dókítà jókòó. Ẹ̀rù yìí ló ń dá wa dúró ju ìwà àwọn dókítà lọ. Kò sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ní kí a wo aláìsàn. Wíwá ẹ̀rí jáde ni iṣẹ́ wa, ó sì ní ìmọ̀ tirẹ̀.

Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣe aboyún, ó lè tẹ "preeclampsia" sínú Google, kí ó sì mú ìwé tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yin mọ̀ pé "toxemia" ni àwọn ìwé àtijọ́ ń pè é, pé àwọn ará Bìrìtìkó ń kọ ọ́ ní "toxaemia", àti pé nínú PubMed, ìyẹn àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, MeSH, àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń to àwọn ìwé ibẹ̀, ní orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn pọ̀.

Ìwákúwàá lè gba ẹ̀mí. Ní ọdún 2001, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan tí ara rẹ̀ le, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí ní Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, kú lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní èròjà hexamethonium fà símú. Olùwádìí náà wá inú PubMed, ṣùgbọ́n ọdún 1966 ni àwọn ìwé ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti sọ nípa ìpalára tí èròjà yìí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Inú ìwé atọ́ka orí pẹpẹ ilé ìkàwé ni à bá ti rí wọn.

Bíbá dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀ kì í ṣe ohun tuntun: ní ọdún 1971, ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, ni Gertrude Lamb, tí òun náà jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé ìṣègùn, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé bá dókítà wọ wọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹ lọ bá olórí ẹ̀ka kan, kí ẹ tọrọ àyè níbi ìpàdé òwúrọ̀ wọn. Ẹ tẹ́tí, ẹ kọ ìbéèrè kan tó jẹ yọ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé méjì tàbí mẹ́ta padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àlàyé ojú ewé kan. Ẹni tó bá kó ogójì ìwé fún dókítà kò tíì ràn án lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀, àwọn tó ń bá wọn wá ìdáhùn kò sì tó nǹkan.

Tó bá di ìwádìí tí wọn yóò tẹ̀ jáde, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ abala tó ṣàlàyé bí ẹ ṣe wá àwọn ìwé, àti pé orúkọ yín yóò wà láàárín àwọn òǹkọ̀wé, nítorí ó nira láti béèrè fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí jọ́nà.