Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Fídíò Sikéètì Kì Í Ṣe Fídíò Ìnáwó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, sikéètì ni wọ́n ń gùn báyìí, pátákó oní-táyà mẹ́rin yẹn, àbúrò ọkọ mi ló kó bọ́ọ̀dù méjì wá fún wọn láti London. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n máa ń wà níbi tí símẹ́ńtì ti dán, ẹnì kan á gùn, ẹnì kejì á máa fi fóònù mi yà á. Wọ́n wá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó di fídíò kan. Mo ní kí ọmọkùnrin kan tó máa ń ya fídíò ìnáwó ládùúgbò bá wọn ṣe é, ló bá fi ọkàn pupa àti ìràwọ̀ sí i, ó fi fújì bò ó látòkè délẹ̀. Àwọn ọmọ wò ó tán, wọn ò sọ̀rọ̀, ọmọ mi wá ní "Mọ́mì, ta ló ń gbéyàwó?" Ṣé èmi fúnra mi lè bá wọn ṣe é lórí fóònù? Mi ò mọ nǹkan kan nípa édíìtì o. Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú.

ÌDÁHÙN: Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ọjà o. Ẹ lè ṣe é dáadáa. Ọmọkùnrin yẹn náà ò ṣe burúkú jàre, ohun tó mọ̀ ló ṣe. Nídìí ìnáwó, ojú èèyàn ni wọ́n ń wá, gèlè, aṣọ ẹbí, ẹni tó ń náwó fún olórin, ibi tó bá wù ẹ́ lo lè gé e sí, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ti sikéètì ò rí bẹ́ẹ̀. Àrà tí ọmọ yẹn dá lẹni tó ń wò ó fẹ́ rí, ó sì fẹ́ rí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tẹ́ ẹ bá ti gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ápù kankan, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí wọ́n ṣàlàyé àrà yẹn fún yín. Wọ́n á ti máa dárúkọ ollie fún yín tipẹ́, ṣebí ẹ máa ń gbọ́ ọ. Òun ni kéèyàn àti bọ́ọ̀dù jọ fò sókè láìfọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gbá ìrù bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ gbà!, ẹsẹ̀ iwájú á fi ẹ̀gbẹ́ bàtà fà á lọ síwájú, bọ́ọ̀dù á bá tẹ̀ lé e bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ Florida kan tó ń jẹ́ Alan Gelfand ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí ìparí ọdún 1970 sí 1979, nínú kòtò sikéètì nígbà yẹn, kí Rodney Mullen tó wá mú un wá sórí ilẹ̀ gbalasa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989. Ọ̀pọ̀ àrà táwọn ọmọ yín ń dá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí ẹ̀ ni wọ́n gbé e lé. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹ ti wá mọ ohun tójú gbọ́dọ̀ rí: ẹsẹ̀ méjèèjì, ìrù bọ́ọ̀dù, àti ilẹ̀. Fídíò tí wọ́n ya láti ìgbáròkó sókè, tí ẹsẹ̀ ò sí nínú ẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀rín ọmọ yẹn dùn tó, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ibi tẹ́ ẹ máa gé e sí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bíi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí ìrù tó gbá ilẹ̀, ká lè rí bó ṣe ń bọ̀, lẹ́yìn náà tó bá ti balẹ̀ ẹ má tíì gé e o, ẹ jẹ́ kó yí lọ. Ibí yìí làwọn tí ò gùn ún rí máa ń ṣì í, wọ́n á rí i pé táyà ti kan ilẹ̀, wọ́n á ní ó ti parí, gééé. Ẹni tó bá ń gun sikéètì tó rí irú fídíò bẹ́ẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé ọmọ yìí ṣubú ni wọ́n ṣe gé e. Kódà tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ nígbà tó balẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò ní kà á kún àrà tó mọ́. Torí náà kí wọ́n rí i tó dúró lórí bọ́ọ̀dù tó sì ń lọ.

Ohùn ńkọ́? Ẹ má pa ohùn táyà lórí símẹ́ńtì, ìyẹn gan-an ladùn ẹ̀. Lórí CapCut tàbí InShot, àwọn ápù tí wọ́n fi ń ṣe édíìtì fídíò lórí fóònù, tẹ́ ẹ bá tẹ klípù, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù, tẹ́ ẹ bá sì fi orin sí i, ẹ tẹ orin náà, kẹ́ ẹ fa ohùn tiẹ̀ wálẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ gbà! yẹn ketekete.

Sìló móṣọ̀n ńkọ́? Àwọn ọmọ á fẹ́ fi sí gbogbo ẹ̀, ẹ má gbà fún wọn. Àrà kan tó dáa jù ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi bó ṣe rí gan-an hàn kẹ́ ẹ tó wá fi èyí tó falẹ̀ tẹ̀ lé e. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé fóònù sábà máa ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá wá fà á gùn lẹ́ẹ̀mejì, 15 péré ló kù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa já gììrì gììrì. Tí wọ́n bá mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ falẹ̀, kí wọ́n ti yí i sí 60 tàbí 120 nínú sẹ́tíǹsì kámẹ́rà kí wọ́n tó yà á. Ní ti bí àwòrán ṣe mọ́ tó, kí wọ́n fi í sí 1080p, kì í ṣe 4K, ilọ́po mẹ́rin àmì àwòrán tó wà nínú 1080p ló wà nínú 4K, fóònù tí wọ́n fi ń gba álátì ọjà kọ́ lẹ máa wá fìyẹn kún.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlú àpáta ni tiwa, ọ̀dà títì wa rí gbágungbàgun, táyà bọ́ọ̀dù kéré ó sì le, òkúta wẹ́wẹ́ kan ti tó láti dá a dúró kí ọmọ sì fò síwájú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo fídíò yín fi máa jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Kò burú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ya Olúmọ láti òkèèrè, tàbí àdìrẹ tẹ́ ẹ sá síta, ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì láàrin àrà kan sí èkejì, káwọn èèyàn mọ̀ pé Abẹ́òkúta la wà. (Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé bọ́ọ̀dù lọ sí àtẹ̀gùn Olúmọ o, mo bẹ̀ yín.) Kí wọ́n fi àkísà àdìrẹ nu ojú kámẹ́rà, kí ẹni tó ń yà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé orúnkún, kó sì kọ̀yìn sí oòrùn.

Títò ẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àrà tó ṣìkejì ní dídára ló máa ṣáájú, èyí tó dáa jù ló máa kẹ́yìn. Ẹ fi ìṣubú kan sí i, kí wọ́n rí i pé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni kó yàn, kì í ṣe ẹ̀yin. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ máa béèrè pé "kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí? ṣé ó yí lọ?" Tí wọ́n bá jà lórí èyí tó dáa jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà. Ẹ yọ klípù orúkọ ápù tí CapCut máa ń fi sẹ́yìn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ sì pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ yín lórí WhatsApp, Document ni kẹ́ ẹ fi rán an kó má bàa ṣú.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, a fi orin kan tó ń jà lóde sí fídíò wa, YouTube ní ẹlòmíì ló ni ín. Ṣé wọ́n máa mú wa ni? Ọmọ SS1, Òkè-Ìlèwó.

ÌDÁHÙN: Ẹnikẹ́ni ò ní mú ẹ. Content ID ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ ló ń fi ohùn fídíò wé orin táwọn tó ni ín ti fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ni ín lè dí fídíò náà, ó sì lè jẹ́ kó wà ńbẹ̀ kó máa gba owó ìpolówó orí ẹ̀. Tó ò bá fẹ́ wàhálà, lọ sí YouTube Audio Library, orin ọ̀fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, kàn wò ó bóyá wọ́n ní kó o dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Tàbí kẹ́ ẹ wá ọ̀rẹ́ yín kan tó mọ gángan lù, kó lù ú fún yín, ìyẹn gan-an wù mí jù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé eré gidi ni kinní tí ọmọ-ọmọ mi ń gùn yìí, àbí ìpàǹlé? Bàbá Àgbà, Aké.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, Bàbá. Eré gidi ni o. Wọ́n gbé e wọ Òlíḿpíìkì ti Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, ọmọ Japan kan, Momiji Nishiya, ọmọ ọdún 13, ló gba góòlù àwọn obìnrin nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní street. Ẹ sáà rí i pé ọmọ náà dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ya fídíò pé tí kò bá dé e, kò gbọdọ̀ yà á.